Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì: gíránáìtì, agbára, kòkòrò àti ibà

Lónìí, mo fẹ́ ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rin wò. Kò sí ẹni tí kì í lò wọ́n ní agbègbè wa yìí, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀, láti Ìsẹ̀ dé Èmùré. Àwọn ọ̀rọ̀ náà ni gíránáìtì, agbára, kòkòrò àti ibà. Ọmọdé mọ̀ wọ́n, àgbà mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé ọ̀dọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ẹ ó rí i pé ohun tí òun ń pè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí àwa ń pè bẹ́ẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan kí ẹnikẹ́ni má baà bínú. Mi ò wá sọ pé èdè ilé kò dára, tàbí pé àwọn onímọ̀ mọ èdè sọ ju àwọn ìyá wa lọ. Rárá o. Ọ̀rọ̀ ilé ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ní láti yá lẹ́nu, kó gba ohun púpọ̀ mọ́ra, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń gbọ́ lè tètè yé ara wọn. Ọ̀rọ̀ onímọ̀ ní iṣẹ́ mìíràn. Ó ní láti ní ààlà, kí ẹni tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ àti ẹni tó wà ní Jàpáànù lè mọ̀ dájú pé ohun kan náà làwọn ń sọ. Ìgbà tí wàhálà máa ń dé ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá bọ́ láti inú ayé kan sí èkejì tí ẹnikẹ́ni ò sì kíyè sí i. Wàhálà náà lè kéré. Ó lè gba owó lọ́wọ́ ẹni. Ó sì lè gba ẹ̀mí. Bí mo ṣe to ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyẹn, láti orí èyí tó rọrùn jù.

1. Gíránáìtì

Ẹni tó bá wọ Ìkẹ́rẹ́ tí kò rí àpáta, á jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Olósùnta àti Orólè dúró gbagidi ti ìlú, kò sí bí èèyàn ṣe máa rìn tí kò ní rí wọn. Ṣebí wọ́n ní ara òkìtì, ìyẹn òkè kéékèèké, ni orúkọ Èkìtì pàápàá ti wá. Níbi tí òkúta bá pọ̀ tó báyìí, àwọn tó ń fọ́ ọ tà kò ní ṣàì sí níbẹ̀.

Bí èèyàn bá ń kọ́lé, bíríkìlà á ní kó lọ já típà gíránáìtì kan wá. Kí ni bíríkìlà ń pè ní gíránáìtì? Òkúta líle èyíkéyìí tí ẹ̀rọ ti fọ́ wẹ́wẹ́, tó ṣeé pò mọ́ sìmẹ́ńtì àti yanrìn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò béèrè ibi tí òkúta náà ti wá tàbí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ti onímọ̀ nípa òkúta yàtọ̀. Kó tó lè pe òkúta kan ní gíránáìtì, òkúta náà gbọ́dọ̀ ti yọ́ rí bí omi gbígbóná nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, kó sì rọra tutù níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, débi pé ojú lásán á máa rí àwọn hóró inú rẹ̀. Bákan náà, tí a bá kó àwọn èròjà rẹ̀ tí àwọ̀ wọn fúyẹ́ jọ, ó kéré tán, ìdá kan nínú márùn-ún wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ quartz, èyí tó máa ń dán bíi gíláàsì. Feldspar ló máa ń pọ̀ jù nínú ìyókù. Èyí tí kò bá dé ìwọ̀n yìí, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn nìyí. Ní agbègbè Ìkẹ́rẹ́, òkúta tó bá ìlànà yẹn mu wà lóòótọ́, èyí tí hóró feldspar inú rẹ̀ tóbi gan-an. Ṣùgbọ́n òmíràn wà nítòsí rẹ̀ tó dúdú, tó sì jọ àwọ̀ ewé díẹ̀. Charnockite ni wọ́n ń pè é. Láti Àkúrẹ́ dé Ìkẹ́rẹ́ títí dé Adó-Èkìtì wà lára ibi tí àwọn onímọ̀ máa ń wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ ní Nàìjíríà. Orúkọ yẹn, ibojì ló ti wá. Òyìnbó oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Job Charnock kú ní Kolkata ní ilẹ̀ Íńdíà ní nǹkan bí ọdún 1693, irú òkúta yìí ni wọ́n sì fi bo ibojì rẹ̀. Nígbà tó yá, Thomas Holland, onímọ̀ nípa òkúta, mú orúkọ olóògbé náà fún òkúta ọ̀hún. Ẹ wò ó bí orúkọ ṣe ń rìn: ibojì kan ní Íńdíà ló sọ òkúta Ìkẹ́rẹ́ lórúkọ. Ọjọ́ orí àwọn òkúta wa wọ̀nyí tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún.

Ṣé bíríkìlà wá rẹ́ni jẹ ni, tó bá kó charnockite wá tó sì pè é ní gíránáìtì? Rárá. Ohun tí ilé ń fẹ́ ni òkúta tó le, tó mọ́, tí kò ní iyẹ̀pẹ̀ lára. Èyíkéyìí nínú méjèèjì á ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkúta dúdú dídán tí wọ́n ń tẹ́ sórí kóńtà ìdáná tàbí sára ibojì, tí wọ́n ń pè ní gíránáìtì dúdú. Onímọ̀ á sọ fún yín pé gíránáìtì tòótọ́ kò lè dúdú kirikiri bẹ́ẹ̀, nítorí pé èròjà tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í dúdú. Àmọ́ lẹ́nu àwọn oníṣòwò, òkúta líle tó bá ṣeé dán ni gíránáìtì. Níbi tí a bá ti lo ọ̀rọ̀ náà nìkan la ti ń mọ ìtumọ̀ tó tọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó ìdánwò nípa òkúta ló ní láti ṣọ́ra. Ẹni tó ń kọ́lé kò sọ kọ́bọ̀ nù.

2. Agbára

Èyí ti wọ inú owó díẹ̀. Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, agbára, là ń fi pe ohun mẹ́ta tí àwọn onímọ̀ físíìsì yà sọ́tọ̀. Èkíní ni agbára tí a fi ń ti nǹkan tàbí tí a fi ń gbé e. Newton ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Èkejì ni agbára tí a tò jọ, tí a sì ń ná bí owó. Joule ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀kẹta ni bí a ṣe ń yára ná agbára náà tó. Watt ni tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpò sìmẹ́ńtì kan ṣe àpẹẹrẹ. Àpò kan jẹ́ 50 kìlógíráàmù. Láti gbé e kúrò nílẹ̀, èèyàn nílò agbára tó tó nǹkan bí 500 newton. Tó bá gbé e gòkè tó mítà 2 sórí típà, ó ti ná 1,000 joule. Tó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá 2 gbé e, bó ṣe ń yára ná an jẹ́ 500 watt. Ẹlòmíràn tó fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 gbé e ná 1,000 joule kan náà, ṣùgbọ́n 100 watt péré ni tirẹ̀. Àpò kan náà, òkè kan náà, àmọ́ èèyàn méjì tí agbára wọn yàtọ̀. Àbí kò yàtọ̀? Ó kù sí èyí tí ẹ ń pè ní agbára.

Ọmọ ìyá agbára ni iṣẹ́, tí àwọn àgbà wa ń pè ní uṣẹ́ nínú ẹ̀ka-èdè Èkìtì. Ìyá tó ru igi ìdáná láti oko wá sílé lórí ọ̀nà tó tẹ́jú, òógùn bò ó, ọrùn ń dùn ún. Físíìsì á ní kò ṣe iṣẹ́ kankan lórí igi yẹn láti ìgbà tó ti gbé e ka orí. Nígbà tí mo bá sọ èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì, ariwo ló máa ń sọ! Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Nínú físíìsì, iṣẹ́ ni agbára tí a fi ti nǹkan, ní ìlọ́po jíjìn ibi tí nǹkan náà rìn dé ní ìhà tí a tì í sí. Òkè ni orí ìyá náà ń ti ẹrù sí. Iwájú ni ẹrù ń lọ. Ẹrù kò gòkè sí i. Ibo wá ni gbogbo òógùn yẹn ti wá? Inú ara rẹ̀ ni. Iṣan ara kì í dúró lásán bí òpó. Ó ń fà, ó ń dẹ̀, láìsinmi, oúnjẹ tó jẹ sì ń di ooru. Ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa. Igi nìkan ni kò gba nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ó dáa, níbo lowó ti wọ̀ ọ́? Lórí sólà àti ínfátà ni. Ẹni tó ń tà á á ní, “Ẹ̀rọ yìí lágbára gan-an, kílówáàtì 3 ni.” Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n kílówáàtì ń sọ iye nǹkan tí ẹ̀rọ náà lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sọ iye wákàtí tó máa fi gbé e. Bátìrì ló ń sọ ìyẹn. Ẹ ronú nípa táǹkì omi: ínfátà ni páìpù, bátìrì ni táǹkì. Páìpù tó nípọn kò sọ táǹkì kékeré di ńlá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bátìrì volt 12 tó jẹ́ 200 ampere-wákàtí: 12 ní ìlọ́po 200 jẹ́ 2,400 wáàtì-wákàtí, ìyẹn kílówáàtì-wákàtí 2.4. Kílówáàtì-wákàtí 1 ni mítà iná ń pè ní yúníìtì 1. Nítorí náà, bátìrì ńlá tí ẹ rà yẹn, yúníìtì 2.4 péré ló gbé. Bí fíríìjì, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n yín bá jọ ń fa 400 watt, wákàtí 6 ni lórí ìwé. Tó bá jẹ́ bátìrì olójé, tí kò yẹ kéèyàn lò kọjá ìdajì kó má baà tètè bàjẹ́, ó di wákàtí 3. Tí ẹ bá ki áyọ́ọ̀nù 1,000 watt bọ̀ ọ́, kò ní ju wákàtí kan lọ. Ẹni tó ná owó rẹ̀ tán tó rò pé “agbára” ni òun rà, tí iná sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́, á ní wọ́n lu òun ní jìbìtì. Ó lè má jẹ́ jìbìtì o. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé ohun méjì. Ìbéèrè méjì ni kẹ́ ẹ máa bi oníṣòwò: wáàtì mélòó ló lè gbé, wákàtí mélòó ló sì máa gbé e?

3. Kòkòrò

Ilẹ̀ kòkó ni gúúsù Èkìtì. Èmùré, Ìsẹ̀, Ọ̀rún, Ìkẹ́rẹ́, kò sí èyí tí ẹ ò ti ní rí oko kòkó. Ẹ bá bàbá àgbẹ̀ kan sọ̀rọ̀ nígbà òjò, ẹ bi í pé kí ló ṣe kòkó rẹ̀ tó dúdú lórí igi. Ìdáhùn tí ẹ lè gbọ́ ni pé kòkòrò ló wọ̀ ọ́.

Kòkòrò lẹ́nu wa jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá. Ohun tó ń fò, ohun tó ń rákò, ohun tó ń jẹ ẹ̀wà, èyí tó ń jẹ eyín, èyí tí ojú kò rí tó ń fa àìsàn, kòkòrò ni gbogbo wọn. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn oníṣègùn wa ti ń sọ pé àwọn ohun tíntín kan wà nínú ara tó ń fa àìsàn, débi pé nígbà tí ìmọ̀ máíkírósíkóòpù dé, Yorùbá kò ní láti yá ọ̀rọ̀ lò. “Kòkòrò àìfojúrí” ti wà nílẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà kò lè ṣe ni pé kó sọ irú kòkòrò tó jẹ́, bẹ́ẹ̀ irú rẹ̀ ló ń sọ oògùn tó máa ràn án.

Lórí kòkó, ọ̀tá méjì ló wọ́pọ̀ jù tí a ń kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ yìí. Ọ̀kan jẹ́ kòkòrò lóòótọ́, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà. Mirid ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Sahlbergella singularis ni orúkọ èyí tó gbajúmọ̀ jù nílẹ̀ wa. Ó máa ń fi ẹnu rẹ̀ fa omi ara kòkó àti ẹ̀ka tútù, ojú ibi tó bá fà á á sì di àpá dúdú. Òun ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ da Gammalin 20 sí oko láyé àwọn bàbá wa. Lindane ló wà nínú Gammalin. Ní 2009, àpérò Stockholm fi í kún àwọn kẹ́míkà tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì, nítorí pé kì í tètè jẹrà nínú ilẹ̀, ó sì ń ṣe èèyàn ní jàǹbá.

Èkejì ni èyí tó ń sọ kòkó di dúdú. Kò lẹ́sẹ̀, kò nápá, kò lẹ́nu. Phytophthora ni orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin ará Jámánì kan, Anton de Bary, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1876 láti inú èdè Gíríìkì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni “apa-ewéko-run”. Ìbátan rẹ̀ kan ló ba pòtétò jẹ́ ní ilẹ̀ Ireland láti 1845, tí ìyàn fi pa èèyàn tó tó mílíọ̀nù kan. Èyí tó burú jù lórí kòkó wa ni Phytophthora megakarya. Ó lè wà nínú ilẹ̀ láti ìgbà òjò kan dé èkejì. Tí òjò bá rọ̀, omi tó ta láti ilẹ̀ tàbí láti ara kòkó tó ti ní in á gbé e dé ara èyí tó yá. Á bẹ̀rẹ̀ bí àmì kékeré aláwọ̀ igi, á sì gbilẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo kòkó náà á ti dúdú, ohun funfun kan á sì hù sí i lára bí ebu ara búrẹ́dì tó ti bu.

Ẹ wá wò ó. Bàbá àgbẹ̀ sọ pé kòkòrò ni. Ó lọ sọ́jà, ó ní kí wọ́n fún òun ní oògùn kòkòrò. Òǹtajà fún un ní oògùn kòkòrò lóòótọ́, èyí tó ń pa ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà. Ó fín in. Mirid kú. Phytophthora ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Kòkó ń dúdú lọ, bàbá tún padà lọ ra oògùn tó le sí i. Owó lọ, kòkó lọ, májèlé wọ bàbá lára. Kò sí ẹni tó purọ́ fún ẹnì kejì nínú gbogbo rẹ̀.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún kòkó dúdú ni oògùn tó ní kọ́pà nínú, tàbí èyí tí wọ́n ṣe fún irú àrùn yẹn gan-an. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé fún kòkó dúdú ni. Ẹ fín in kí àrùn tó gbilẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti tán. Pẹ̀lú rẹ̀, ká já àwọn tó ti dúdú kúrò lórí igi déédéé, ká má sì jẹ́ kí wọ́n wà nítòsí. Ká gé ẹ̀ka tó bá ti dí jù kí atẹ́gùn lè wọlé, kí ara kòkó lè tètè gbẹ. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti orílẹ̀-èdè wa, CRIN, tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ ní Ìbàdàn láti 1964, ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀tá méjèèjì tipẹ́.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ nínú ara èèyàn. Bakitéríà jẹ́ kòkòrò lẹ́nu wa, fáírọ́ọ̀sì náà jẹ́ kòkòrò. Àmọ́ kápúsù pupa-àti-yẹ́lò tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísíìtì, tetracycline, bakitéríà nìkan ló lè bá jà. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn. Ẹni tó ń gbé kápúsù mì nítorí ọ̀fìnkìn ń fín oògùn mirid sí Phytophthora ni. Èyí tó burú ni pé àwọn bakitéríà tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń borí oògùn náà, tí kò fi ní ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀ gan-an.

4. Ibà

Èyí ló ká mi lára jù, ìdí nìyí tí mo fi gbé e sí ìkẹyìn. Bí ara ọmọ bá gbóná, ìyá rẹ̀ á ní ibà ń ṣe é. Dókítà náà á ní ibà ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn àwọn méjèèjì yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru.

Lọ́kàn ìyá, ibà jẹ́ àìsàn, ẹ̀fọn ló ń fà á, oògùn ibà ló ń wò ó. Lọ́kàn dókítà, ibà jẹ́ àmì. Ara tó gbóná tó 38 lórí ìwọ̀n Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Ó dà bí ìgbà tí ajá bá ń gbó lóru: a mọ̀ pé nǹkan kan wà níta, a ò tíì mọ̀ bóyá olè ni tàbí àlejò. Malaria lè fà á, táífọ́ọ̀dì lè fà á, òtútù àyà lè fà á, àrùn inú ìtọ̀ lè fà á.

Àwa nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí dà rú mọ́ lójú o. Ọ̀rọ̀ malaria fúnra rẹ̀, èdè Ítálì ni, “afẹ́fẹ́ burúkú” ló túmọ̀ sí, nítorí wọ́n rò pé òórùn irà ló ń fà á. Ní 1880 ni Alphonse Laveran rí ohun tó ń fa malaria nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1897 ni Ronald Ross rí i nínú ẹ̀fọn. Orúkọ àtijọ́ kò yí padà, ìmọ̀ ló yí padà lábẹ́ rẹ̀.

Láti 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn malaria, níbi tí àyẹ̀wò bá ti wà. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan láti orí ìka ni, èsì á sì jáde kí ìdajì wákàtí tó pé. Tí èsì bá ní kò sí malaria, ẹ má sọ pé “ibà ni, ẹ̀rọ ló parọ́.” Ara gbóná lóòótọ́, ohun mìíràn ló mú un gbóná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá a.

Kí nìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ní gúúsù Èkìtì? Nítorí ibà Lassa. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó bá wa pààlà wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí àrùn yìí ti ń jà jù ní Nàìjíríà, Ọ̀wọ̀ kò sì jìnnà sí Èmùré. Ní 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀, ní ìlú Lassa ní Borno. Fáírọ́ọ̀sì ni, irú èkúté kan tí wọ́n ń pè ní Mastomys ló ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ á bọ́ sórí gààrí tàbí èlùbọ́ tí a sá síta, tàbí sínú oúnjẹ tí a kò dé. Omi ara ẹni tó ní in náà lè kó ran ẹlòmíràn.

Báwo ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀? Ara gbígbóná, orí fífọ́, àárẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun dídùn. Ẹ ò rí i pé ó jọ malaria bí ìbejì? Nínú èèyàn 10 tó bá kó o, bí 8 ni kò ní ṣàìsàn púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń le gan-an fún àwọn yòókù. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá mú ni ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde lára rẹ̀. Ẹni tó bá ń dúró de ẹ̀jẹ̀ kó tó gbà pé kì í ṣe malaria lè ti pẹ́ jù. Oògùn tí wọ́n ń lò fún un, ribavirin, máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 6 àkọ́kọ́. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: ẹni tó lo oògùn malaria ọjọ́ 3, tí ara rẹ̀ ò yá, tó tún ra òmíràn lò fún ọjọ́ 3, ọjọ́ 6 ti tán. Ọ̀rọ̀ tó fún àìsàn rẹ̀ lórúkọ láti ọjọ́ kìíní ló jẹ ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ ń tọ́jú àrùn yìí. Kò yẹ kí ẹni tó wà ní agbègbè wa kú nítorí àìtètèlọ.

Ibà pọ́njú náà wà níbẹ̀. Ojú tó bá pọ́n bí ẹyin ẹyẹ là ń pè bẹ́ẹ̀. Dókítà á ní àmì pé nǹkan ń ṣe ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ó lè jẹ́ ibà pọ́njú tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, ó lè jẹ́ hẹpatáítíìsì. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún ibà pọ́njú ẹlẹ́fọn, òmíràn wà fún hẹpatáítíìsì B. Ẹni tó gba ọ̀kan kò tíì gba èkejì.

Kí la wá fẹ́ ṣe? Mi ò ní kí ìyá kankan yéé sọ pé ibà ń ṣe ọmọ òun. Kí ló tún fẹ́ sọ? Ohun tí mo ń bẹ̀ wá fún ni pé, nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ilé bá fẹ́ di ohun tí a máa fi owó rà tàbí tí a máa gbé mì, ká dúró díẹ̀ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan: irú èwo ni? Irú òkúta wo, irú agbára wo, irú kòkòrò wo, kí ló fa ibà náà? Ẹ béèrè lọ́wọ́ òǹtajà, ẹ béèrè lọ́wọ́ onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Tí ara ọmọ yín bá sì gbóná lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lórí ìka rẹ̀ kí oògùn tó kan ẹnu.